Ìrora Ìrọbí Kì í Ṣe Ogún Tí A Jẹ Lọ́wọ́ Àwọn Ìyá Wa

Ọ̀ràn tí mo gbé wá ní oṣù yìí jẹ́ èyí tí àwa ọkùnrin kì í fẹ́ dá sí. A ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, a ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wa, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe ìwọ̀fà, tí ìyá kan kò kúnlẹ̀ bí. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ọkùnrin náà ni a ń pàṣẹ lórí ọ̀ràn yìí láti orí àga ìwàásù, nínú ìgbìmọ̀ ìlú, àti nídìí àpò tí a fi ń san owó ilé ìwòsàn. Ẹni tí ó ń pàṣẹ lórí nǹkan kò lè sọ pé nǹkan náà kò kan òun.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn ènìyàn pàtàkì kan wà nínú wa tí wọ́n ń sọ ní gbangba pé kí obìnrin rọbí láìsí ohunkóhun tí yóò dín ìrora rẹ̀ kù ni àṣà Yorùbá gan-an. Wọ́n ní àwọn ìyá wa àtijọ́ kì í ké, wọn kì í béèrè oògùn. Wọ́n ní oko ni ẹlòmíràn nínú wọn bí ọmọ sí, tí ó sì pọ̀n ọ́n wá sílé. Wọ́n ní obìnrin ìwòyí tí ó bá béèrè abẹ́rẹ́ ìrora ti di ọ̀lẹ, tàbí pé ó ti sọ ara rẹ̀ di òyìnbó. Àwọn mìíràn a sì gun orí àga ìwàásù, wọn a ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìrora náà lé obìnrin lórí láti inú ọgbà Édẹ́nì, pé ẹni tí ó bá dín in kù ń bá Ẹlẹ́dàá jà. Mo ti jẹ́ olùkọ́, mo sì ti jẹ́ àlùfáà fún ọdún pípẹ́. Mo sọ ọ́ láìfòyà pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àṣà wa, wọn kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí a fi agídí gún obìnrin kan ní abẹ́rẹ́. Obìnrin tí a ti là lọ́yẹ̀, tí ó mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì wí pé òun fẹ́ bí ọmọ òun láìgba oògùn kankan, akọni ni. Mo ṣí fìlà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gba ààwẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ebi máa pa á nítorí pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ. Ẹni tí ó gba ààwẹ̀ ní oúnjẹ nílé. Òun ni ó fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa tí wọ́n ń rọbí láìsí ohun tí yóò tù wọ́n lára kò gba ààwẹ̀ kankan. Ebi ni ó ń pa wọ́n, àwa sì dúró tì wọ́n, a ń yìn wọ́n pé wọ́n mọ ààwẹ̀ í gbà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀ràn àṣà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba àti ìyá wa kà sí pàtàkì, kí a tẹ́tí sí èdè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí obìnrin bá bímọ tán, kí ni a fi ń kí i? "Ẹ kú ewu ọmọ." A kì í wí pé, "Ẹ kú ìrora." Ewu ni àwọn àgbà rí níbẹ̀, wọ́n sì bá a yọ̀ pé ó là á já. Àdúrà wo ni a ń gbà fún aboyún? A ń wí pé, "Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀", a ń wí pé, "Wẹ́rẹ́ ni o ó bí i", a ń wí pé, "A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ." Mo bi ẹ̀yin àgbààgbà léèrè: èwo nínú yín ni ó ti rí ìyá àgbà kan rí tí ó na ọwọ́ sí aboyún, tí ó sì gbàdúrà pé kí ó jẹ ìrora títí yóò fi tó o? Kò sí i. Àwọn tí ń sin Ọ̀ṣun pàápàá, omi tútù ni wọ́n ń tọrọ fún obìnrin létí odò. Èmi tí mo jẹ́ àlùfáà Kristi lè sọ èyí láìbọ òrìṣà. Ìrọ̀rùn ni gbogbo ilé ń bẹ̀bẹ̀ fún. Báwo ni ohun tí gbogbo àdúrà wa ń lé jáde ṣe wá di ogún tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú?

Kí ni àwọn ìyá wa ha ń ṣe nígbà tí ìrọbí bá dé? Wọn kì í fi obìnrin sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n a ránṣẹ́ pe agbẹ̀bí. Ìyá obìnrin náà a wà níbẹ̀, tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, tàbí ìyálé rẹ̀. Ẹnì kan a dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn a fi òrí pa á ní ìbàdí. Ẹnì kan a gbé omi gbígbóná wá, ẹnì kan a gbé àgbo. Wọ́n a jẹ́ kí ó máa rìn káàkiri àgbàlá nígbà tí ara bá ń ni í. Bí àkókò bá tó, a kúnlẹ̀. Nítorí èyí ni ọjọ́ ìbímọ fi ń jẹ́ ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ní èdè wa, tí a sì fi ń ké pe ìkúnlẹ̀ abiyamọ nígbà tí ìpọ́njú ńlá bá dé bá ọmọ ènìyàn. N kò tí ì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ké pe ìdùbúlẹ̀ abiyamọ. Ọwọ́ tí a fi ń pa ìbàdí, àyà ẹni tí a fọkàn tán tí a gbé ẹ̀yìn lé, ìrìn, ìkúnlẹ̀, omi gbígbóná: kí ni gbogbo wọn bí kò ṣe oògùn ìrora? Àwọn ìyá wa lo gbogbo èyí tí wọ́n ní. Bí wọ́n bá rí èyí tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ta ni yóò sọ fún mi pé wọn ìbá kọ̀ ọ́?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ ènìyàn dúdú. Ní ọdún 1879, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Robert Felkin wà ní ilẹ̀ Bunyoro, tí ó wà nínú Ùgáńdà lónìí. Ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí oníṣègùn ilẹ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin tí kò lè bí, tí ìyá yè, tí ọmọ sì yè. Kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan ara obìnrin náà, wọ́n ti fún un ní ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ohun tí ń ṣe é mọ́. Felkin tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 1884. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn òyìnbó kọ́ ni ó kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí pé kò yẹ kí a gé ẹran ara ènìyàn nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà ní jíjí.

N kò fi èyí sọ pé ohun gbogbo ni ó dára láyé àtijọ́. Ìyá púpọ̀ kú, ọmọ púpọ̀ kú, àgbo mìíràn kò sì ní ìwọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi ń kí ewu. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ìyá wa kò sọ ìrora di òrìṣà. Lóòótọ́ ni a rí ẹni tí a bí sí ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Abíọ́nà ni a sọ ọ́, nítorí pé ohun tí kò wọ́pọ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. A kì í fi orúkọ ṣe ìrántí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́.

Bí kò bá ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbo ni a ti gbọ́ ọ pé obìnrin dúdú kì í mọ ìrora? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ fún yín. Dókítà ará Ìlú Ọba kan, Grantly Dick-Read, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1933 lórí bíbímọ lọ́nà ti àdánidá. Ohun rere wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, nítorí ó kọ́ni pé ìbẹ̀rù a máa fi kún ìrora, àti pé ó yẹ kí a la obìnrin lọ́yẹ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n kí ó lè fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ó sọ ìtàn obìnrin kan tí ọ̀làjú kò tí ì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó yà sínú igbó, tí ó bí ọmọ láìsí wàhálà, tí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kò ha mọ ìtàn náà? Òun náà ni àwọn ènìyàn wa ń sọ kiri lónìí bí ẹni pé Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá.

Èyí tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wà. Láàárín ọdún 1845 sí 1849, ní ìlú Montgomery ní Alabama, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà kan tí ń jẹ́ J. Marion Sims ṣe iṣẹ́ abẹ léraléra fún àwọn ẹrúbìnrin aláwọ̀ dúdú tí ìrọbí pípẹ́ ti dá ihò sí àpòòtọ̀ wọn, tí ìtọ̀ fi ń dà lára wọn láìdá. A mọ orúkọ mẹ́ta nínú wọn: Anarcha, Betsey àti Lucy. Anarcha nìkan, nǹkan bí ìgbà 30 ni ó fi ọ̀bẹ kàn án. Kò kùn wọ́n lóorun, bẹ́ẹ̀ ni a ti fi agbára oògùn ether han gbogbo ayé ní Boston ní oṣù kẹwàá ọdún 1846. Ọmọ àwọn tí a kó kọjá òkun láti ilẹ̀ Áfíríkà ni àwọn obìnrin wọ̀nyí. Ní ọdún 2018 ni a tó gbé ère dókítà náà kúrò ní Central Park ní New York. Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí: ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Virginia bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti dókítà aláwọ̀ funfun 222 léèrè ọ̀rọ̀, nǹkan bí ìdajì wọn ni ó sì gba ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́ nínú irọ́ bí i pé awọ ara ènìyàn dúdú nípọn ju ti òyìnbó lọ.

Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá dìde nínú ìpàdé wa, tí ó wọ agbádá, tí ó sì wí pé obìnrin wa kò nílò oògùn ìrora, ó lè rò pé àṣà Odùduwà ni òun ń gbé ga. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fi wá ṣe ẹrú ni ó ń tún sọ. Wọ́n sọ pé a kì í mọ ìrora kí wọ́n lè ráyè fi ìyà jẹ wá. Kí ni ti wa tí a fi ń bá wọn gbe irọ́ náà?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n dojú kọ àwọn ará mi tí a jọ wọ aṣọ àlùfáà. Wọ́n ní orí kẹta ìwé Jẹ́nẹ́sísì pàṣẹ ìrora fún obìnrin. Mo ní kí wọ́n ka ẹsẹ tí ó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Hébérù kan náà tí a lò fún làálàá obìnrin ní ẹsẹ 16 ni a lò fún làálàá ọkùnrin lórí ilẹ̀ ní ẹsẹ 17. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ni pé kí a má ṣe dín ti obìnrin kù, àṣẹ ni pẹ̀lú pé kí ọkùnrin má ṣe tu ẹ̀gún oko, kí ó má ṣe fi katakata ro ilẹ̀, kí ó má sì tan fáànù nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kí òógùn lè máa ṣàn ní iwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Èwo nínú àwọn oníwàásù wa ni ó ń pa àṣẹ yìí mọ́? A gbé ìdajì ègún náà kúrò lórí ara wa, a sì fi ìdajì tí ó kù sílẹ̀ fún àwọn aya wa.

Wọ́n tún fẹ́ràn láti gbàdúrà pé kí aboyún bí gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Ẹnu àwọn agbẹ̀bí méjì, Ṣífúrà àti Púà, ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, Fáráò ni wọ́n sì sọ ọ́ fún, nígbà tí ó ń bi wọ́n ní ìdí tí wọn kò fi pa àwọn ọmọkùnrin. Èsì tí a fi gba ẹ̀mí là ni. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbẹ̀bí. Obìnrin Hébérù ni Rákélì, orí ìrọbí ni ó sì kú sí lójú ọ̀nà Éfúrátà. Obìnrin Hébérù ni aya Fínéhásì, orí ìrọbí ni òun náà kú sí. Ẹ máa gbàdúrà náà, ẹ̀yin ará mi, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́.

Ẹlòmíràn yóò wí pé Olúwa wa kọ wáìnì tí a pò mọ́ òjíá ní Gọ́lgọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Máàkù orí 15. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé a fi lọ̀ ọ́. Ní ọwọ́ àwọn tí ń pa á lọ ni a ti fi ohun tí ń dín ìrora kù lọ̀ ọ́, Òun fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ojú tì wá bí a kò bá lè fi lọ àwọn obìnrin wa ohun tí a fi lọ ẹni tí a dá lẹ́bi ikú.

Àwọn ìjọ mìíràn ti jà ìjà yìí tán kí a tó bí wa. Ní ọdún 1847, Dókítà James Young Simpson ní Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí í fi ether, lẹ́yìn náà chloroform, tu àwọn obìnrin tí ń rọbí lára. Àwọn kan fi ẹ̀sìn bá a wí, ó sì kọ ìwé dá wọn lóhùn ní ọdún kan náà. Ó rán wọn létí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó mú oorun ìjìkà kun Ádámù kí ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Ní ọdún 1853, Ọbabìnrin Victoria, ẹni tí í ṣe orí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba chloroform lọ́wọ́ Dókítà John Snow nígbà tí ó ń bí ọmọ rẹ̀ Leopold. Ní ọdún 1956, Póòpù Pius Kejìlá sọ fún àwọn dókítà pé Ìwé Mímọ́ kò ka dídín ìrora ìrọbí kù léèwọ̀. Kí ha ni àwa ń dúró dè?

Ibi tí ọ̀ràn náà ti ń dùn mí jù lọ nìyí. A gba ilé ìwòsàn lọ́wọ́ òyìnbó, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a gbà àti ohun tí a fi sílẹ̀. A gba bẹ́ẹ̀dì gíga tí obìnrin ń fi ẹ̀yìn lé, a kò gba oògùn tí ń tu ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ lára. A gba òfin pé kí ẹbí dúró sí ìta, a kò gba iye nọ́ọ̀sì tí yóò rọ́pò ẹbí náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe sí ogún ilé: a di ìrora mú, a sì ju ìkúnlẹ̀, òrí ìbàdí àti ọwọ́ ìyá nù. Obìnrin wa wá pàdánù nílé, ó sì pàdánù lóko. Ó dùbúlẹ̀ ní òun nìkan, ó ń ké, ẹni tí ó yẹ kí ó tù ú nínú sì ń bi í pé ṣé bí ó ti ń ké nìyẹn ní ọjọ́ tí ó lóyún. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, kí ó bi aya rẹ̀ léèrè nígbà tí ó bá délé.

Ìwé ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 sọ nípa àwọn obìnrin 2,016 tí a ṣọ́ nígbà tí wọ́n ń rọbí ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, Ghana, Guinea àti Myanmar. Nínú wọn, 838 ni a lù, tàbí tí a bú, tàbí tí a fi ojú tẹ́ńbẹ́lú. Kí a bi ara wa bí irú ìròyìn báyìí ìbá ti jáde nípa agbo ilé agbẹ̀bí kan láyé àwọn ìyá ńlá wa, kí Baálẹ̀ má sì ránṣẹ́ pè é.

Ẹ sì wo bí ìmọ̀ tuntun ti ń padà wá jẹ́rìí sí ọgbọ́n àtijọ́. Ní Ìbàdàn níbí, ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì, àwọn dókítà wa pín àwọn obìnrin 585 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan láyè láti mú ẹnì kan wọlé tì wọ́n nígbà ìrọbí, ọkọ ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n mú wá. Apá kejì kò mú ẹnikẹ́ni. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2009. Àwọn tí kò ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ ìrora jù, ìrọbí wọn pẹ́ jù, a sì fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ wọn ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní ọdún 2017, a kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 26 jọ láti orílẹ̀-èdè 17, lára àwọn obìnrin tí ó ju 15,000 lọ, ẹ̀rí náà sì bá ti Ìbàdàn mu. Ní ọdún 2018 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá gbé ìmọ̀ràn jáde fún gbogbo ayé: kí obìnrin mú ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé, kí ó máa rìn, kí ó sì wà ní ìdúró tàbí ìkúnlẹ̀ bí ó bá wù ú, kí a fi ọwọ́ pa á lára, kí a sì fi ohun gbígbóná tẹ̀ ẹ́, bí ó bá sì béèrè oògùn ìrora, kí a fún un, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí a ń pè ní epidural, ìbáà ṣe abẹ́rẹ́ bí pethidine. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àṣà, àṣà nìyí. Ìdajì ìmọ̀ràn náà ni àwọn ìyá wa ti mọ̀. Ìdajì kejì ni ó yẹ kí a fi kún un.

Mo mọ ohun tí a ó sọ láti ta kò mí. Èkíní, wọn yóò ní owó kò sí, dókítà tí ń kun ènìyàn lóorun kò sì pọ̀. Òtítọ́ ni pé epidural ń fẹ́ dókítà tí ó mọṣẹ́, kò sì lè dé gbogbo ìlú kéékèèké lọ́la. Ṣùgbọ́n èló ni aṣọ tí a ó ta sí àárín bẹ́ẹ̀dì méjì kí ìyá lè wọlé ti ọmọ rẹ̀? Èló ni ẹní tí obìnrin yóò kúnlẹ̀ lé? Èló ni ọ̀rọ̀ tútù? Ìlú tí ó rí owó fi pa màlúù níbi òkú àgbà kò lè sọ pé òun kò rí owó fi ta aṣọ sí yàrá ìgbẹ̀bí.

Èkejì, wọn yóò ní oògùn náà léwu. Oògùn wo ni kò léwu ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò? Pethidine lè mú kí ọmọ tòògbé, kí èémí rẹ̀ sì lọ́ra, bí a bá fún ìyá ní àsìkò tí kò yẹ. Nítorí náà ni a fi ń fẹ́ nọ́ọ̀sì tí ó mọ àsìkò. Ewu jẹ́ ìdí fún ìmọ̀. Kì í ṣe ìdí fún àìbìkítà.

Ẹ̀kẹta, wọn yóò ní ìrora ni ó ń mú kí ìyá fẹ́ràn ọmọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa baba tí a kò rọbí rí kò fẹ́ràn ọmọ wa nìyẹn. Ìyá àgbà tí ó gba ọmọ òrukàn tọ́, tí ó pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, kí ni a ó pè é? Ẹ̀yìn tí a fi pọ̀n ni ó sọ ọ́ di ìyá.

Ẹ̀kẹrin, wọn yóò ní ohun tí a bá láyé kò yẹ kí a yí padà. Mo rán wọn létí Ṣọ̀pọ̀nná. Ìgbà kan wà tí a ní ọba ni í ṣe, tí a ní ẹni tí ó bá mú kò gbọdọ̀ kùn, kí ó dúpẹ́ ni. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kò gbà bẹ́ẹ̀; ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó sì tú àṣírí wọn. Ní ọdún 1980 ni a kéde pé àrùn náà ti tán ní gbogbo ayé. Èwo nínú wa ni ó ń sunkún pé a pàdánù àṣà?

Ọ̀ràn yìí kò pin sí ìrora nìkan. Ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Níbi tí a bá ti fi ìrora ṣe òṣùwọ̀n obìnrin, ibẹ̀ ni a ti ń sọ pé ẹni tí a fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ rẹ̀ kò bímọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ ti ń kọ̀ láti fi ọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, tí ìyá ọkọ ń wí pé kí ó tún fara dà á díẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀, nǹkan bí 75,000 obìnrin ni ó kú nípa oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2023, èyí tí ó ju ìdá mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ayé lọ. Ẹ̀jẹ̀ dídà, ìfúnpá gíga, àìtètè dé ilé ìwòsàn ni ó ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó mọ̀ pé èébú ni yóò pàdé ní ilé ìwòsàn kò ní yára lọ síbẹ̀, ẹni tí ó sì mọ̀ pé a ó fi iṣẹ́ abẹ ṣáátá òun yóò fà sẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi hàn ní ọdún 2009, nígbà tí ó dá ètò Abíyè sílẹ̀, pé ìjọba lè gbé ìtọ́jú aboyún dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí ó bá fẹ́. Orúkọ tí wọ́n sọ ètò náà dára: abíyè ni wọ́n sọ ọ́, wọn kò sọ ọ́ ní a-bí-jìyà.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin Ọba àti Olóyè wa: ẹ lọ wo yàrá ìgbẹ̀bí tí ó wà ní ìlú yín, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń lọ wo ọ̀nà àti ọjà. Ẹ béèrè bí aṣọ ìpínyà bá wà níbẹ̀, bí ìyá bá lè wọlé, bí obìnrin bá lè kúnlẹ̀, bí oògùn ìrora bá wà nínú àpótí, àti bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò bá wà. Ọba tí ó bá béèrè lẹ́ẹ̀mejì yóò rí ìyípadà. Mo bẹ ẹ̀yin oníwàásù: ẹ dẹ́kun fífi Éfà na àwọn aya wa. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ kọ́ àwọn ọmọkùnrin pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin ní ohun tí ìrọbí jẹ́, nítorí ìdajì ìwà òǹrorò àwọn ọkùnrin, àìmọ̀ ni. Mo sì bẹ ẹ̀yin ọkọ: bí ọjọ́ bá pé, ẹ bá a lọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó fẹ́. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ oògùn, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá ní òun fẹ́ ẹ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un bákan náà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ láìkùn.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á máa fi ọ̀ràn ro ara wa wò. Kò sí olóyè kan nínú wa tí yóò jẹ́ kí a yọ eyín òun láìfi abẹ́rẹ́ pa ẹran ìdí rẹ̀ kú ṣáájú, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ọ̀lẹ. Ohun tí a kò lè fara dà nítorí eyín kan, kí á má ṣe sọ ọ́ di ìlànà fún ẹni tí ń gbé odidi ènìyàn wá sáyé.